Ohun Tó Ń Kan Ojú Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ńṣe ni Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ń kọrin lábẹ́lẹ̀ bó ṣe ń to búrẹ́dì sórí pẹpẹ. Àwọn gígùn síwájú, àwọn róbótó sẹ́yìn, àwọn tí wọ́n ti gé sínú ọ̀rá lápá ọ̀tún. Ta ni kò ní kọrin? Ọkọ ẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, tó lè pẹ́ lórí agbami títí kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó fojú kàn án, ti pè é níjẹta láti èbúté kan, wọ́n sì sọ̀rọ̀ títí bátìrì fi kú mọ́ wọn lẹ́nu.

Ọkọ yìí náà ló sọ ọ́ ní Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́. Tó bá ti rẹ́rìn-ín, kòtò kan máa ń jìn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ lápá òsì. Atukọ̀, bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pe ọkọ yẹn, máa ń sọ pé inú kòtò yẹn lòun já sí lọ́jọ́ tóun wá ra búrẹ́dì, tóun ò sì rí àkàbà gùn jáde mọ́.

Bí Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ṣe ń nu orí pẹpẹ ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra á. Ó tún yún un. Ó wo ara ẹ̀ nínú gíláàsì pẹpẹ. Ó ti tún dé. Àwọn nǹkan wínníwínní pupa yẹn ti tún sú bo ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ti ń gòkè lọ sí abẹ́ ojú. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí tó máa lọ tó máa bọ̀, bí àlejò tó gbàgbé bàtà.

Ìyá kan wọlé, ó nawọ́ sí búrẹ́dì, ó wo ojú Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́, ó sì rọra fawọ́ sẹ́yìn.

"Áńtí, kí ló ṣe yín lójú?"

"Ooru ni, Mà."

"Hẹ̀n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì bá mi mú un."

Ọ̀gá gbọ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni ọ̀gá, àmọ́ ẹni tó ń ta búrẹ́dì ò lè fi ojú àánú san owó ìyẹ̀fun. Ó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́, mi ò bínú sí ẹ o. Ṣùgbọ́n ojú làwọn oníbàárà fi ń jẹ búrẹ́dì kí wọ́n tó fẹnu jẹ ẹ́. Lọ máa bá wọn po ìyẹ̀fun lẹ́yìn ná, títí ojú ẹ á fi mọ́."

"Ọ̀gá, ooru ófùn yín yìí náà ló ń ṣe mí!"

"Ooru ófùn? Àwọn tó ń ki búrẹ́dì sínú ẹ̀ látàárọ̀ ńkọ́, tí ojú wọn ń dán bí awo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀?"

Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ gba ẹ̀yìn lọ. Títí ilẹ̀ fi ṣú, ìyẹ̀fun ló ń pò, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì ń yí lọ́kàn ẹ̀: ọkọ mi ti fẹ́ bọ̀ nílé, ṣé ojú tí màá fi kí i káàbọ̀ nìyí?

Ìyá ọkọ ẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé. Màmá ti ká gbogbo aṣọ gbígbẹ tán nígbà tó délé, ó kàn gbójú sókè báyìí ni, ó sì pòṣé.

"O ti tún sunkún."

"Màmá, mi ò sunkún."

"Irọ́ ni! Ìgbàkígbà tí ọmọ mi bá ti pè ni ojú ẹ máa ń rí báyìí. Omijé níyọ̀ nínú, ìyàwó mi. Ṣé o ò mọ̀ pé iyọ̀ ń jẹ irin, áńbọ̀sì ẹran ara? Tó bá pè, máa rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo bí i, ṣé mò ń sunkún?"

Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ wọ yàrá lọ, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, lápá tí Atukọ̀ máa ń sùn sí. Ìrọ̀rí Atukọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ìgò lọ́fínńdà ẹ̀ wà lórí tábìlì, ìgò aláwọ̀ búlúù tó dà bí omi òkun. Inú yàrá ẹ̀rọ ni Atukọ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ yẹn, òórùn ọ́ìlì ò sì ń fẹ́ kúrò lára ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ràn lọ́fínńdà yẹn bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn súìtì. Lọ́jọ́ tó máa lọ, ìgò méjì ló rà. Ó ki ọ̀kan sínú báàgì, ó gbé ìkejì sórí tábìlì.

"Tí àárò mi bá ń sọ ẹ́," ó sọ fún un, "fín in sórí ìrọ̀rí mi, kó o gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Níbi tí mo bá wà lórí omi, ara mi á fu mí."

Bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Tí Atukọ̀ bá ti pè tán, tí fóònù bá ti dákẹ́, á fín lọ́fínńdà yẹn sórí ìrọ̀rí, á dojú dé e lápá òsì, á di ojú pa, á sì dà bíi pé ẹnì kan mí sí i lọ́rùn. Láwọn ọjọ́ tí òkun bá gbé ọkọ ẹ̀ mì, tí kò sí ìpè tí kò sí àtẹ̀jíṣẹ́, kì í sábà fín in, kó má baà tètè tán. Ohun tó tiẹ̀ ń yà á lẹ́nu ni pé ìgò yẹn ń lọ sílẹ̀ ju bó ṣe ń fín in lọ. Ó ní bóyá atẹ́gùn ló ń gbẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó ya ọ̀dọ̀ Onídìrí, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kọjú sí ilé wọn. Onídìrí ò tíì wo ojú yẹn lẹ́ẹ̀mejì tó fi bú sẹ́rìn-ín.

"Èyí tó o torí ẹ̀ ń fojú pamọ́ bí ajigbèsè nìyí? Jókòó!" Ó fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó mú túùbù kékeré kan tí wọ́n ya òdòdó sí lára. "Gbà. Ìpara yìí ò mọ ohun tó ń jẹ́ ìṣòro. Ìléròrò ni o, làpálàpá ni o, èyí tí ò lórúkọ pàápàá, á gbá a lọ."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Mo jọ ẹni tó sè é? Ṣáà fi pa ojú."

"Ta ló ní kó o máa lò ó?"

"Ẹ gbà mí! Mo fún ẹ ní nǹkan, o sọ ara ẹ di ọlọ́pàá. Dá a padà tó ò bá fẹ́!"

Kò dá a padà. Ó fi pa ojú lálẹ́, ó fi pa á láàárọ̀, kí ọ̀sẹ̀ sì tó yí po, ojú ti dán kalẹ̀. Ọ̀gá dá a padà síwájú pẹpẹ. Kòtò ẹ̀rẹ̀kẹ́ padà. Orin padà. Atukọ̀ pè láti èbúté míì, ó rí ojú ìyàwó ẹ̀ nínú fídíò, ó ní, "Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ mi, mo tún ti jìn sí kòtò." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí fóònù dákẹ́, ilé dá wáí. Ó fín ìrọ̀rí, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e.

Lọ́túnla, ó tún sú.

Bó ṣe di eré sísá nìyẹn. Ó ń sú, ìpara ń pa á rẹ́, ó tún ń sú. Ó wá di pé tí kò bá fi ìpara yẹn ra ojú lóòjọ́, ojú á máa ta á bí ẹni fi ata kàn án. Ó ra túùbù, ó tún ra òmíràn. Awọ ojú ẹ̀ wá fẹ́lẹ́, iṣan tín-tìn-tín ń hàn lábẹ́ ẹ̀ bí òwú pupa. Nǹkan tó jẹ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan tẹ́lẹ̀ ti yí ẹnu po, ó ti dé àgbọ̀n. Fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ máa pa làpálàpá lohun tó ń ṣe, àmọ́ kò mọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìpara tán ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń rà á, tí ojú ẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná, ọjọ́ yẹn gan-an ni fóònù dún.

Ó gbé e. Ó fi àtàǹpàkò bo kámẹ́rà.

"Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ mi! Òkùnkùn ni mò ń rí o."

"Kámẹ́rà fóònù yìí ti bàjẹ́."

"Bàjẹ́ kẹ̀? Ó ṣáà dáa nígbà tí mo pè kẹ́yìn. Gba fóònù Màmá, jẹ́ n fi rí ẹ."

"Màmá ti sùn."

Ibẹ̀ ni Màmá ti bú sẹ́rìn-ín ní pálọ̀, ó ń bá rédíò jiyàn sókè ketekete. Atukọ̀ gbọ́ ọ. Ohùn ẹ̀ yí padà nígbà tó tún sọ̀rọ̀.

"Ó dáa. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀. Ìrìn àjò yìí ti fẹ́ parí, ẹni tó yẹ kó wá gba ipò mi ò lè wá mọ́. Wọ́n ní tí mo bá fẹ́, kí n máa bá iṣẹ́ lọ títí ìparí ọdún. Tí mi ò bá fẹ́, kí n máa bọ̀ nílé. Èmi fẹ́ máa bọ̀ ní tèmi. Kí lo rí sí i?"

Gbogbo eegun tó wà lára Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ló pariwo pé, máa bọ̀! Máa bọ̀ lónìí! Ṣùgbọ́n ó gbé ọwọ́ kejì sójú, ó kan ibi tó ń bó, tó ń ta á. Ó rí ara ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó rí Atukọ̀ tó gbé báàgì dání, tó ń wo ojú yìí.

"Kò kánjú," ó ní.

"Kí lo wí?"

"Mo ní... tí wọ́n bá nílò ẹ níbẹ̀, kò kánjú."

Ariwo ẹ̀rọ ọkọ̀ nìkan ló kù lórí ìlà.

"Mo ti gbọ́," Atukọ̀ fèsì, ó sì pa fóònù. Kò sọ pé ó dàárọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ò fín ìrọ̀rí yẹn ní fífín o, ó tẹ ìgò yẹn títí ìrọ̀rí fi tutù. Ó sunkún sórí ẹ̀ títí oorun fi gbé e lọ.

Nígbà tó jí, ojú òsì ò là. Ó ti wú bo ara ẹ̀. Màmá ṣí ilẹ̀kùn láti jí i, ló bá figbe ta. Kò béèrè omijé mọ́. "Wọ aṣọ," ó ní. "Kó gbogbo nǹkan tó ò ń fi pa ojú. Gbogbo ẹ̀ ni mo wí. Ọsibítù yá."

Obìnrin ni dókítà awọ ara tó gbà wọ́n, onírẹ̀lẹ̀ èèyàn tó ń fi bírò gún irun orí ẹ̀. Ó tan iná kékeré sí ojú Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́, ó wò ó lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì. Ó gbé túùbù olódòdó yẹn, ó ka ẹ̀yìn ẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Ìyàwó wa, sítẹ́rọ́ìdì líle ló wà nínú ìpara yìí. Oògùn ni, ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe, àwa náà ń kọ ọ́ fúnyàn. Ṣùgbọ́n téèyàn bá fọwọ́ ara ẹ̀ fi ń pa ojú fún oṣù bíi mélòó kan, á mú kí awọ fẹ́lẹ́. Awọ á wá sọ ọ́ di bárakú. Tẹ́ ẹ bá dá a dúró, á gbaná jẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tó bá sì jẹ́ làpálàpá ló wà níbẹ̀, ńṣe ló máa fi aṣọ bò ó mọ́lẹ̀ tí á máa dàgbà lábẹ́nú."

"Ọ̀tá ọmọ aráyé ni Onídìrí yẹn!" Màmá ní.

"Màmá, ẹ má bú u. Èyí tó wá sọ ojú dà báyìí lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn nìyẹn. Mo fẹ́ mọ èyí tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀." Ó yíjú sí Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́. "Ṣé oríkèé ara ń dùn yín? Ṣé ẹ ń gbóná, ṣé ó ń rẹ̀ yín láìnídìí? Ṣé ó máa ń wá tẹ́ ẹ bá pẹ́ lóòrùn, tí á kọjá lórí imú bí ìyẹ́ labalábá?"

"Rárá, Mà."

"Ó dáa. Torí tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ la máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Nǹkan inú ara ló lè yọjú síta. Ṣé ẹ máa ń kun irun dúdú? Èépá funfun ń já lórí yín? Ẹ pààrọ̀ ọṣẹ?"

"Rárá. Ṣùgbọ́n ooru ófùn wà níbi iṣẹ́."

"Ooru lè mú kójú pọ́n, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ooru ò ní mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì kó fi ti ọ̀tún sílẹ̀. Apá kan yìí ló ti bẹ̀rẹ̀, àbí? Ohun tó bá ń mú apá kan, ohun tó ń kan apá kan ni. Fóònù ńkọ́? Apá wo lẹ fi ń gbọ́ ọ?"

"Ọ̀tún."

"Apá wo lẹ fi ń sùn?"

Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ẹnu ni. Màmá bá a gbà á. "Dókítà, ẹ gbọ́ tèmi. Tọ́kọ ẹ̀ bá ti pè báyìí ló máa ń sú. Ẹkún ni!"

"Tó bá pè tán," dókítà rọra béèrè, "kí lẹ máa ń ṣe?"

Ìtìjú bò ó. Níwájú ìyá ọkọ! Ó wo ilẹ̀, ó wo òrùlé. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́: ìrọ̀rí, lọ́fínńdà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ń jẹ́wọ́ olè.

Dókítà ò rẹ́rìn-ín. "Ó jọ pé òun nìyẹn. Òórùn dídùn inú lọ́fínńdà wà lára ohun tó ń bá awọ jà jù. Ó lè tó ọjọ́ kan sí mẹ́ta kó tó sú, ìdí nìyẹn téèyàn kì í fi fura sí i."

"Ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí ọkọ mi ti ń lò ó, Mà! Mo ń dì mọ́ ọn, nǹkan kan ò ṣe mí."

"Ara lè gba nǹkan mọ́ra fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Tó bá ti wá kọ̀ ọ́ báyìí, kì í gbàgbé mọ́."

"Irọ́ ni!" Màmá ké. "Kò lè jẹ́ lọ́fínńdà yẹn. Èmi náà ń fín in!"

Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ yíjú sí i. Màmá fa gèlè wálẹ̀ síwájú orí.

"Tó o bá ti lọ síbi iṣẹ́," ó ní, ohùn ẹ̀ ti kéré, "mo máa ń fín díẹ̀ sí ìdí ìró mi. Díẹ̀ ni. Ṣé ìwọ nìkan ni àárò ń sọ ni?"

Ìró kan náà yẹn ni Màmá ró wá. Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ò mọ ìgbà tóun gbá ìyá ọkọ ẹ̀ mọ́ra, dókítà ló tètè fà á sẹ́yìn: "Ẹ má gbójú lé ìró yẹn o!" Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bú sẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú ẹni méjì.

"Ara ò jọra, Màmá," dókítà wá ní. "Ohun tó bá yín rẹ́ lè máa bá ẹlòmíì jà. Ẹ ò sì fi pa ojú."

Kó tó gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí, ó ní àfi kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí ojú fi máa balẹ̀ díẹ̀, wọ́n lẹ àwọn bébà pélébé-pélébé mọ́ ọn lẹ́yìn, oríṣiríṣi nǹkan wà lábẹ́ wọn. Nígbà tí wọ́n máa ṣí i wò, ibi tí wọ́n fi èròjà òórùn dídùn sí ti pọ́n roro. Kò sí iyàn mọ́. Dókítà kọ bó ṣe máa já ìpara olódòdó yẹn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó fún un ní ọṣẹ àti ìpara tí ò lóòórùn rárá, ó ní kó fọ gbogbo aṣọ bẹ́ẹ̀dì, kó ju ìrọ̀rí yẹn nù. "Á gba oṣù mélòó kan," ó ní. "Ó ṣeé ṣe kí àwọn iṣan pupa yẹn má lọ tán. Mi ò ní purọ́ fún yín."

Ọjọ́ tí Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ gbé ìrọ̀rí yẹn jáde nílé, ó gbé e bí ẹni gbé ọmọ tó sùn. Ó dúró pẹ́ létí ààtàn kó tó sọ ọ́ nù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Atukọ̀ pè. Ohùn ẹ̀ tutù. "Mo kàn ní kí n kí Màmá ni."

Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ò bo kámẹ́rà. Ó jókòó síwájú fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ó gbé gbogbo ojú pupa, ojú bíbó yẹn síwájú ẹ̀. Atukọ̀ súnmọ́ fóònù títí iwájú orí ẹ̀ nìkan fi ń hàn.

"Ojú yìí lo fi ń pamọ́ fún mi?"

"Òun ni."

"Mo rò pé o ti rí ẹlòmíì."

"Ta ló fẹ́ rí mi pẹ̀lú ojú yìí? Èèyàn á sá!"

Ó rẹ́rìn-ín, kòtò yẹn sì jìn, kékeré, láàárín gbogbo pupa yẹn. Atukọ̀ fọwọ́ kan gíláàsì fóònù ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, kò parí ẹ̀.

"Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ mi, mo ti fọwọ́ síwèé. O ní kò kánjú. Àfàìmọ̀ kí ọkọ̀ má ṣí láàárọ̀ ọ̀la."

"Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

"Ìparí ọdún."

Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ mi orí. Ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ pé kò kánjú. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, òun sì ti gbé ojú sá fún ọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ń wo ara wọn títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi já.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ jọ̀ọ́, tí nǹkan bá ń sú sí yín lójú, tó ń lọ tó ń bọ̀, ẹ má kàn sáré pa á rẹ́. Ẹ bi ara yín pé kí ló ń kan ojú yìí? Lọ́fínńdà ni, ọṣẹ ni, aró tẹ́ ẹ fi ń kun irun ni, ìrọ̀rí ni, oòrùn ni, àbí nǹkan inú ara ló ń yọjú? Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ lọ́jọ́ tó bá sú, ẹ rántí ohun tẹ́ ẹ ṣe lọ́jọ́ mélòó kan ṣáájú, kẹ́ ẹ kó gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń fi pa ojú lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ìpara tí ọ̀rẹ́ fún yín láti inú dúrọ́ọ̀, ẹ má gbà á, bó ti wù kójú ọ̀rẹ́ yẹn máa dán tó. Tó bá sì ti wà lójú yín tipẹ́, ẹ má já a sílẹ̀ lójijì, ẹ jẹ́ kí dókítà sọ bẹ́ ẹ ṣe máa já a sílẹ̀. Ju gbogbo ẹ̀ lọ, ẹ má fi ojú yín pamọ́ fún ẹni tó fẹ́ràn yín. Awọ ń san. Ọjọ́ tó bá ti lọ kì í padà.

Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ti padà síwájú pẹpẹ báyìí. Ojú ẹ̀ ti ń mọ́, ó ku àwọn iṣan pupa díẹ̀ lábẹ́ ojú. Ọ̀dọ̀ Màmá ni ìgò búlúù yẹn ń gbé. Láwọn ìrọ̀lẹ́ kan tí òkun bá gbé Atukọ̀ mì, Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ á lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá Màmá, kò ní wọlé. Màmá á kàn wò ó, á mú ìgò yẹn, á ṣí ọmọrí ẹ̀.

"Dúró síbẹ̀ yẹn o," á ní. "Má súnmọ́ ibí."

Á sì dúró síbẹ̀, á di ojú pa, á máa mí.